Pẹ́gì Orí Tábìlì Merrilyn

Merrilyn Purdon kò gbà pé kọ̀ǹpútà kankan máa ń ṣàdédé dákẹ́. Bí èèyàn bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀, á tẹjú mọ́ olúwarẹ̀ títí onítọ̀hún á fi gbójú kúrò, á wá sọ fún un pé, "Ó nídìí. Ìwọ ni o ò tíì rí i." Ẹnu rẹ̀ gbà á láti sọ ọ́, torí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń wá irú ìdí bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kò pọ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ìlú Cygnet ló ń gbé, ní gúúsù Tasmania, nínú ilé onípákó kan lórí òkè tó kọjú sí omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àléébù nínú kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, pàápàá jù lọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó sì ń gbabẹ̀ jáde. Káàkiri ayé ni àwọn tó ń ṣe kánẹ́ẹ̀lì náà wà, ìwé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn ló sì lè ka ohun tí ẹnì kan kọ sí ẹnì kejì. Bí wọ́n bá bú ọ níbẹ̀, gbangba ni.

Kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí kì í ní ọpọlọ kan. Òmíràn ní mẹ́jọ, òmíràn ní ju ọgọ́rùn-ún lọ, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń nawọ́ sí ohun kan náà. Bí méjì bá kan ohun kan ní àsìkò tí kò yẹ, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé o lè jókòó tì í lọ́sẹ̀ mẹ́ta kó má ṣẹlẹ̀ lójú rẹ. Bí o bá fi ìlà kan kún kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ, pé kí ẹ̀rọ máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ìlà yẹn á mú un falẹ̀ díẹ̀, àléébù á sá lọ. Yọ ìlà náà, á tún padà wá. Iṣẹ́ yìí ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sídìí iṣẹ́ mìíràn. Merrilyn ní tirẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi tó ti kọ́ ọ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Bàbá rẹ̀ ní ibi ìkó-ápù-sí-páálí kan nígbà tó wà lọ́mọdé, obìnrin mẹ́rìnlá ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lásìkò ìkórè. Ẹni tó bá ń ṣa ápù nínú àpótí kan á fi pẹ́gì ìháṣọ tirẹ̀ há etí àpótí náà. Bó bá ṣe tán, á yọ ọ́. Àpótí tí kò bá ti ní pẹ́gì lára, àwọn tó ń fún omi ápù ti gbé e lọ nìyẹn. Ètò tó dáa ni. Síbẹ̀, bí Merrilyn ṣe pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó rí i bí obìnrin kan ṣe wo àpótí kan, ó rí pẹ́gì ẹlòmíràn lára rẹ̀, ó wá lọ mú pẹ́gì tirẹ̀ lápò aṣọ tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kó tó dé, ẹlòmíràn ọ̀hún ti yọ tirẹ̀, wọ́n sì ti gbé àpótí lọ. Obìnrin náà ò wolẹ̀, ó nawọ́ síbi tí ápù ti yẹ kó wà, ó sì ṣubú lé ìgbátí tábìlì. Eyín méjì ló bá a lọ. Gbogbo èèyàn ní àìfarabalẹ̀ ló fà á. Merrilyn nìkan ló sọ pé ètò pẹ́gì ló ní ihò nínú, bàbá rẹ̀ sì ní kó lọ gbálẹ̀.

Nínú oṣù kẹfà ọdún yìí, lọ́jọ́ Ajé kan tí yìnyín tẹ́ lórí koríko, lẹ́tà kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Arvid. Arvid ń gbé ní Göteborg, òun ló sì ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ohun tó bá máa wọ abala íńtánẹ́ẹ̀tì nínú kánẹ́ẹ̀lì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá kan ń kú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì. A ti fi pínpín-sí-méjì wá a. Orí iṣẹ́ Ilisapeci ló bọ́ sí. Bí mi ò bá rí ìdí mìíràn kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa yọ ọ́ kúrò, torí ẹ̀dà tuntun ń jáde lọ́jọ́ Àìkú."

Ilisapeci Vakaloloma ń ṣiṣẹ́ ní Suva, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn erékùṣù. Ọdún kan àti oṣù méjì ló fi kọ iṣẹ́ yìí, láti jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kò lágbára lè máa gba ọ̀rọ̀ wọlé kíákíá, Merrilyn ló sì ń ka gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí wọ́n bá dá a padà, òun ò ní yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, kó padà sídìí fóònù kó máa dá oníbàárà lóhùn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó sì ti dá oníbàárà lóhùn fọ́dún mọ́kànlá tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Merrilyn pè é lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Merrilyn."

"Káàárọ̀. Ṣé o sùn?"

"Mo dùbúlẹ̀."

"Ó dáa náà. Ìwọ lo ṣe é àbí ìwọ kọ́?"

Ilisapeci rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Mo ti kà á ní ìgbà ogún. Mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n bá nídìí ẹ̀."

"Èmi náà ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àná. Ìwọ kọ́."

"Ẹ má kàn máa tù mí nínú, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi? Bi Darcy bóyá mo ti tu ẹnikẹ́ni nínú rí."

"Kò ṣe é rí láyé," ni Darcy ọkọ rẹ̀ dáhùn láti ìdí sítóòfù.

Pínpín-sí-méjì tí Arvid ń wí yìí, òun ni gbogbo wọn fi ń wá ẹlẹ́bi. Wọ́n á to àtúnṣe bí ẹgbẹ̀rún bó ṣe wọlé tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á dán ti àárín wò. Bí ẹ̀rọ bá kú, ẹlẹ́bi wà nínú ìdajì àkọ́kọ́. Bí kò bá kú, ó wà nínú ìdajì kejì. Wọ́n á máa pín in lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi ku orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀nà náà yá, wọ́n sì ti fi mú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́bi. Ohun kan ni kò mọ̀: ọjọ́ tí àléébù kọ́kọ́ fara hàn lè má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó lè ti lúgọ tipẹ́, kí iṣẹ́ ẹlòmíràn wá mú kí ẹ̀rọ yára, kó sì fi í hàn. Merrilyn mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mímọ̀ kò sì tó, ó gbọ́dọ̀ fi han Arvid.

Lọ́jọ́rú, ó palẹ̀ tábìlì ilé ìdáná mọ́, ó gbé agolo páì kan tó ti ṣófo sáàárín rẹ̀, ó da pẹ́gì pupa àti pẹ́gì aláwọ̀ ojú ọ̀run sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì pe ọkọ rẹ̀. Báyìí ló ṣe máa ń ṣe é bí ọ̀rọ̀ bá le. Darcy á jẹ́ ọpọlọ kan, ẹlòmíràn á jẹ́ ọpọlọ kejì, oníkálukú á máa ka kóòdù tirẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì ṣe ohun tí ìlà náà wí. Merrilyn á máa yan ẹni tó kàn, ìgbà tó sì burú jù lọ ló máa ń yàn án. Nínú kóòdù, nọ́ńbà ló dúró fún pẹ́gì: iye ọpọlọ tó ṣì ń lo nǹkan kan, nǹkan náà sì ni agolo. Bó bá ti di òdo, wọ́n á jù ú nù.

Ọgbọ̀n ọdún ni Darcy fi ṣe oko ápù kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì mọ nǹkan kan nípa kóòdù. Ìdí tí Merrilyn fi ń lò ó nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá mọ kóòdù máa ń ka ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, Darcy ló ń ka ohun tó wà níbẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá," ni Ilisapeci kí i láti Suva.

"Ó ti sọ ìwọ náà dọpọlọ? Pẹ̀lẹ́ o. Kì í sanwó, kì í sì í jẹ́ kéèyàn mu tíì."

"Darcy, ìlà kan," ni Merrilyn wí.

Wọ́n kà á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Pẹ́gì lọ, pẹ́gì bọ̀, agolo ò kúrò níbi tí kò yẹ kó ti kúrò. Iṣẹ́ Ilisapeci mọ́ tónítóní. Lóòótọ́ ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè gbà á sílẹ̀, torí orúkọ mìíràn ni Arvid ń béèrè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, Ilisapeci ní òun ti kó aṣọ tí òun fi ń lọ sídìí fóònù jáde, kí òun lè lọ̀ ọ́. Ó dun Merrilyn dé egungun. Ó bínú sí Arvid, ó bínú sí ẹni tó dá pínpín-sí-méjì sílẹ̀, ó sì bínú sí páì tó jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ní kí wọ́n ka kóòdù àtijọ́ tó yí iṣẹ́ náà ká. Wọn ò tíì pẹ́ nídìí ẹ̀ tí Darcy fi dúró.

"Ìlà yìí ní kí n wo agolo bóyá pẹ́gì wà lára ẹ̀. Mo wò ó. Ó wà."

"Fo ìyẹn," ni Merrilyn wí. "Ó ní àmì."

"Àmì kí ni?"

"Àmì pé kò léwu. Ètò kan wà tó ń ṣọ́ wa. Bí ọpọlọ méjì bá kan ohun kan láìdúró de ara wọn, á pariwo. Bí ẹnì kan bá yẹ ibẹ̀ wò tó rí i pé kò léwu, á fi àmì síbẹ̀ kó lè panu mọ́. Gbogbo wa la máa ń fò ó."

"O ní kí n ṣe ohun tí ìlà wí. Kò sí ìlà tó ní kí n fò ó."

Ilisapeci fọwọ́ bo ẹnu lójú kọ̀ǹpútà. Merrilyn mí kanlẹ̀. "Ó dáa. O ti wò ó. Má tíì ṣe ìkejì. Ilisapeci, ó kàn ọ́."

"Mo ti ṣe tán. Mo yọ pẹ́gì mi. Kò ku ọ̀kan. Mo jù ú nù."

Merrilyn yọ pẹ́gì aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó gbé agolo kúrò lórí tábìlì, ó sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

"Darcy, ìlà tó kàn."

"Ó ní kí n há pẹ́gì mi." Darcy na pẹ́gì pupa síbi tí agolo wà tẹ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lófuurufú. "Ara kí ni kí n há a sí?"

Obìnrin tí eyín rẹ̀ yọ níbi ìkó-ápù ló wá sí Merrilyn lọ́kàn.

"Òun nìyí," ni Ilisapeci wí. "Òun nìyí o. Kò sí nínú tèmi."

"Kò sí nínú tìẹ. Mo sọ fún ẹ."

"Ta ló wá yẹ ibẹ̀ wò tó ní kò léwu?" Darcy béèrè. "Ọlọ́gbọ́n èèyàn nìyẹn."

Gbogbo ìlà kóòdù ló ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́ nínú àkọsílẹ̀. Merrilyn tẹ bọ́tìnnì méjì láti mọ ẹni náà. Ó wò ó. Ó fa kọ̀ǹpútà súnmọ́ra, ó tún un wò.

"Ta ni?" ni Darcy wí.

"Èmi ni."

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ. Ètò aṣọ́ni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn, ariwo rẹ̀ ti sú gbogbo èèyàn, ogójì ìkìlọ̀ ló sì wà nílẹ̀. Merrilyn jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó fi àmì sí gbogbo ogójì kó tó di aago mẹ́rin, torí ó fẹ́ lọ bá Darcy rẹ́ ẹ̀ka igi ápù. Ó rántí dáadáa bí inú rẹ̀ ṣe dùn. Arvid kọ̀wé dúpẹ́, ohun tí Arvid kì í ṣe. Ní ti ìlà yìí, ó ti wo apá kan, ó rí i pé ẹni tó ń wo nọ́ńbà ibẹ̀ kàn ń kà á fún ìṣirò lásán ni. Kò wo apá kejì. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń sọ ọ́ níbi gbogbo ìpàdé pé kí ẹnikẹ́ni má fi àmì sílẹ̀ láìka apá méjèèjì. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ife tíì, wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ife náà wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

Ojú tì í. Ó sọ ọ́ jáde. "Ojú ń tì mí, Ilisapeci. Ọjọ́ mẹ́rin lo ti fi ń ru ẹrù mi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo máa sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo máa tún un ṣe."

Kó tó jẹun ọ̀sán, ó mú ẹ̀dà kánẹ́ẹ̀lì tó ti pé ọdún mẹ́ta, ìgbà tí Ilisapeci ò tíì kọ ìlà kan. Ó fi ìdádúró díẹ̀ sáàárín wíwo àti híhá, kí ihò náà lè fẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ. Ohun tó ń gba ọjọ́ méjì gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ó tún un tàn. Mẹ́rin náà ni. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbá tábìlì, pẹ́gì sì fọ́n ká.

Ó kọ àtúnṣe lọ́sàn-án náà: wíwo àti híhá di ohun kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni ò lè ki ẹsẹ̀ bọ àárín rẹ̀, bí agolo bá sì ti lọ, kí pẹ́gì kọ̀ láti há. Lábẹ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ìlà kan tó sọ iṣẹ́ wo gan-an ló dá àléébù sílẹ̀ àti ẹni tó ṣe é. Darcy ń wò ó láti ẹ̀yìn.

"Ṣé dandan ni ìlà yẹn? Ìwọ sáà ti tún un ṣe."

"Òun làwọn èèyàn fi ń mọ ibi tí wọ́n máa ṣe àtúnṣe dé. Bí mo bá fò ó, ẹ̀rọ ọdún mẹ́sàn-án gbáko á máa kú lọ."

"Mo kàn béèrè ni."

"Mo mọ ohun tí o béèrè." Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Kí Arvid tó lè gbà á, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kà á kó sì fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Merrilyn fi í ránṣẹ́ sí Ilisapeci. Kò sẹ́ni tó nílò kí lẹ́tà náà tètè lọ tó òun alára. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù, kó kọ ọ́, kó bọ́ lọ́wọ́ ìdí fóònù. Wákàtí kan kọjá. Méjì kọjá. Ní aago mọ́kànlá, ó pè.

"Merrilyn, ẹ má bínú. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Merrilyn gbé ife sílẹ̀. "Kí ló dé?"

"Bí pẹ́gì bá kọ̀ láti há, ìlà tèmi ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde bí ẹni tí tirẹ̀ há. Ìlà kẹta lẹ́nu ọ̀nà yẹn ní kí n yọ pẹ́gì mi. Mi ò sì há ọ̀kankan. Pẹ́gì ta ni mo máa yọ?"

Merrilyn wo ìlà kẹta. Ó fi ìka tẹ̀lé e. "Ti ẹlòmíràn."

"Ti ẹlòmíràn ni. Á tún kú náà ni, á kàn pẹ́ sí i ni. Mo mọ̀ pé òní ni Ẹtì. Mo ti jókòó tì í láti àárọ̀, mo ń wá bí mo ṣe máa sọ fún ara mi pé kò burú. Ẹ ti kọ́ mi pé kí n ka apá méjèèjì."

Orí Merrilyn wú. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ méjì nínú iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó dùn mọ́ ọn tó gbólóhùn yẹn. Ó sì rántí obìnrin kan tó kánjú lọ rẹ́ ẹ̀ka igi lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó mọ̀ pé ẹni tó wà ní Suva yìí ti ta òun yọ.

"Ó dáa. Má fọwọ́ sí i. Jókòó síbẹ̀ títí mo fi máa ṣe é dáadáa."

Ó ṣí ẹnu ọ̀nà mìíràn fún ẹni tí pẹ́gì rẹ̀ kò há. Wọ́n pe Darcy, wọ́n kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agolo, gbogbo ọ̀nà tí Merrilyn mọ̀ pé ó burú ló gbà yàn wọ́n. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, Ilisapeci Vakaloloma fi orúkọ rẹ̀ sí i, lẹ́tà sì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èsì Arvid ti wà nílẹ̀. "Mo ti gbà á. Iṣẹ́ Ilisapeci dúró síbi tó wà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú gbogbo yín." Lábẹ́ rẹ̀, Ilisapeci ti kọ ìlà kan sí Merrilyn nìkan: òun ti dá aṣọ padà sínú àpótí, láìlọ̀ ọ́.

Merrilyn kà á sókè fún Darcy. Darcy ní ó yẹ kí wọ́n lọ jẹun ní etí omi, kí wọ́n fi ṣàjọyọ̀. Merrilyn ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́sàn-án. Ó dá agolo padà sáàárín tábìlì, ó ya pẹ́gì pupa sọ́tọ̀, ó sì ṣí àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ti ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an.

"Wá jókòó," ló wí. "Ó ku mọ́kàndínlógójì."